Láti Kánò Dé Èkó: Ṣé Wákàtí Kan Àbọ̀ Ni Lóòótọ́?

  A bá àwọn tí Ọlọ́run fi ọmọ ta lọ́rẹ yọ̀, a sì bá àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn. Orúkọ gbogbo wọn wà ní ojú ewé ìkẹyìn, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú àwọn ọ̀fọ̀ wọ̀nyí tí a kò lè fi sí ojú ewé ìkẹyìn kí a sì kọjá lọ, nítorí pé àwa fúnra wa jẹ̀bi nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ kà á.

Ní ìpàdé gbogbogbòò wa ti oṣù tí ó kọjá, arákùnrin wa kan dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ọmọ Ọ̀fà ni, ó ń ta ohun èlò mọ́tò ní Sábọ̀n Gàrí, kò sì jẹ gbèsè owó oṣù rí láti ìgbà tí ó ti ń bá wa bọ̀. Ìyá rẹ̀ ṣaláìsí ní Ọ̀fà ní oṣù Kìíní. Kí ó tó dé ibẹ̀, wọ́n ti sin ìyá. Ó ń dúpẹ́ fún owó tí ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Kò tí ì jókòó tán tí àgbà kan láàárín wa fi sọ pé, “Ìwọ ọmọ yìí, bàálù kò lò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ láti ibí dé Èkó. Ìyá kan ṣoṣo tí o ní, o wá lọ wọ bọ́ọ̀sì nítorí owó!” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan mi orí. Àwa tí à ń kọ̀wé yìí wà níbẹ̀, a kò ní kí ẹnikẹ́ni dákẹ́. Kí a má purọ́, àwa náà mi orí. Arákùnrin náà kò fèsì. Ó jókòó, ó wo ilẹ̀, kò sì yọjú sí ìpàdé kejì.

Àwọn baba wa sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwa méjì dìde, a lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fún wa ní àga, ó ra omi tútù fún wa, ó sì ro bí ọjọ́ náà ti rí fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí a padà délé, a mú bébà àti pẹ́ńsù, a sì ṣírò gbogbo rẹ̀ wò. Ohun tí a rí ni a fẹ́ sọ fún yín lónìí, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ó ní kí a má dárúkọ òun, a kò sì ní dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí Kánò ti jìnnà sí Èkó tó. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti pín ayé sí dígírì. Kánò wà ní dígírì 12 sí òkè ìlà tí ó pín ayé sí méjì, ó sì wà ní dígírì 8 àbọ̀ sí ìhà ìlà-oòrùn. Ìkẹjà tí pápá ọkọ̀ òfurufú Èkó wà jẹ́ dígírì 6 àbọ̀ sí òkè, àti dígírì 3 àti díẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Dígírì kan láti ìsàlẹ̀ sí òkè jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 111. Bí a bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, Kánò fi nǹkan bí kìlómítà 608 ga sí òkè ju Èkó lọ, ó sì fi nǹkan bí kìlómítà 571 lọ sí ìlà-oòrùn jù ú lọ. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilé ìwé gíga mọ bí a ti ń rí gígùn ìlà tí ó dábùú: kí a sọ 608 di ìlọ́po ara rẹ̀, kí a sọ 571 náà di ìlọ́po ara rẹ̀, kí a ro wọ́n pọ̀, kí a sì wá gbòǹgbò àpapọ̀ wọn. Ẹ fún wọn ṣe ní alẹ́ òní. Bí wọn kò bá ṣìṣe, kìlómítà 834 ni wọn yóò rí, èyí tí í ṣe máìlì 518. Bí ẹyẹ bá fò tààrà láti orí pápá wa dé orí pápá Ìkẹjà, ohun tí yóò fò nìyẹn.

Ọ̀nà mọ́tò kì í ṣe ọ̀nà ẹyẹ. Ó ń yí òkè ká, ó ń wá afárá kiri, ó ń ya ìlú yìí, ó ń ya ìlú ọ̀hún. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gba títì láti Kánò dé Èkó yóò rìn ju 1,000 kìlómítà lọ. Ọ̀nà irin àtijọ́ tún gùn ju ti mọ́tò lọ: nǹkan bí máìlì 700 ni, tí í ṣe kìlómítà 1,126.

Ẹ wá gbọ́ ti wákàtí. Bàálù ńlá tí ń lọ láàárín ìlú méjèèjì lè sá tó kìlómítà 830 ní wákàtí kan nígbà tí ó bá ti gun òkè tán. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò ní, “Ó dára, wákàtí kan ni yóò gbà.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Bàálù kọ́kọ́ ní láti rìn nílẹ̀ bí mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà tí yóò ti gbéra. Bí ó bá gbéra, kì í sáré tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ń gun òkè. Kí ó tó dé Èkó, ó ti ń dẹ eré kù, ó ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí àwọn mìíràn bá ṣáájú rẹ̀ dé Ìkẹjà, yóò dúró de tirẹ̀ lókè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ wákàtí kan àbọ̀ tàbí tí ó sún mọ́ ọn sí ara tíkẹ́ẹ̀tì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àkókò tí ó lò lójú sánmà lè má ju wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú lọ. Àgbà wa kò purọ́ nígbà tí ó ní wákàtí kan àbọ̀. Ṣùgbọ́n wákàtí ọkọ̀ ni ó kà, kò ka wákàtí ènìyàn.

Wákàtí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé tirẹ̀, ó sì parí sí ẹnu ọ̀nà ilé tí ó ń lọ. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé arákùnrin wa bí ẹni pé ó rí bàálù wọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí a sì gbà pé ohun gbogbo lọ déédéé fún un.

Agogo márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni wọ́n pè é láti Ọ̀fà, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Wọ́n ní ìyá ti lọ, àwọn yóò sì sin ín lẹ́yìn ìrun Àyílà, ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí pé kí a má fi òkú falẹ̀. Kí ó sunkún díẹ̀, kí ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, kí ó wá owó, kí ó sì dé pápá ọkọ̀ òfurufú, agogo méje ti lù. Kí a ní bàálù gbéra ní agogo mẹ́jọ àbọ̀. Yóò balẹ̀ ní Ìkẹjà ní agogo mẹ́wàá. Kò gbé ẹrù, nítorí náà yóò jáde síta ní agogo mẹ́wàá àbọ̀. Kí ó la Èkó kọjá, kí ó rí ọkọ̀ tí ń lọ sí òkè, kí ọkọ̀ náà sì kún, agogo mọ́kànlá àbọ̀ nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ mọ Èkó sì mọ̀ pé a ṣàánú rẹ̀. Láti Èkó dé Ọ̀fà, gba Ìbàdàn àti Òṣogbo, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 kìlómítà. Bí táyà kò bá jò, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò sì sí, wákàtí márùn-ún. Agogo mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni yóò wọlé.

Ẹ ṣírò rẹ̀: wákàtí mọ́kànlá gbáko láti ìgbà tí fóònù dún. Nínú mọ́kànlá yìí, àkókò tí bàálù lò lójú sánmà kò tó ìdá kan nínú mẹ́jọ. Wọ́n sì ti sin ìyá ní wákàtí méjì àbọ̀ ṣáájú kí ó tó dé. A ṣe gbogbo rẹ̀ ní dídùn fún un, síbẹ̀ kò bá a.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ó yà wá lẹ́nu. A mú àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà, a fi rúlà fa ìlà tààrà láti Kánò dé Èkó. Ẹ mọ ibi tí ìlà náà gbà kọjá? Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀fà gan-an ni, kò tó kìlómítà mẹ́wàá sí i. Ó kọjá lẹ́bàá Ìkìrun, ó sì kọjá lẹ́bàá Òṣogbo. A mọ̀ pé àwọn awakọ̀ òfurufú ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n yàn fún wọn lókè, wọn kì í tẹ̀lé rúlà wa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yé wa. Láti Kánò dé òkè Ọ̀fà jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 600. Ọmọ Ọ̀fà tí ó wọ bàálù yóò fò tó kìlómítà 600 yìí, yóò kọjá lókè ilé baba rẹ̀, yóò tún fò ju 230 lọ sí iwájú, wọn yóò sọ ọ́ kalẹ̀ ní Èkó, yóò sì fi mọ́tò rin ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 padà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí fún àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ìlọrin, ará Òṣogbo, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa tí ó wà níhìn-ín. Bí a bá ní “láti Kánò dé Èkó”, mélòó nínú wa ni ó jẹ́ ọmọ Èkó?

Gbogbo èyí, bí ohun gbogbo bá lọ déédéé ni. Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, kò lọ déédéé. Oṣù Kìíní ni, ẹ sì rántí bí ọyẹ́ ti rí. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ a máa fẹ́ láti inú aginjù Sàhárà, a sì máa gbé eruku wá, pàápàá láti kòtò Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Àwa tí a wà ní Kánò ni ó ń kọ́kọ́ bá kí ó tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìhà gúúsù. Bí eruku náà bá ki, ènìyàn kò ní rí ilé tí ó wà ní òdì kejì títì. Awakọ̀ òfurufú ní ìwọ̀n tí ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ríran dé kí òfin tó gbà á láyè láti balẹ̀ tàbí láti gbéra. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, yóò dúró, ó sì tọ́ kí ó dúró. Eruku kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí arákùnrin wa pe àwọn tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní nǹkan bí agogo mẹ́fà àbọ̀, wọ́n ní bàálù kan kò ní dìde títí eruku yóò fi ká, àwọn kò sì lè sọ ìgbà. Ó bi wọ́n pé ṣé ọ̀sán ni, wọ́n ní kí ó tún pe. Kò lè dúró. Ó lọ sí gáréèjì, ó wọ bọ́ọ̀sì ní agogo mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀nà Kàdúná sí Birnin Gwari àti Tegina, tí àwọn baba wa ń gbà lọ sí Jẹ́bbà, awakọ̀ náà kò gbà á nítorí àwọn ajínigbé. Abuja àti Lọ́kọ́ja ni ó gbà. Ilẹ̀ ṣú wọn, wọ́n sùn sí Lọ́kọ́ja. Ó dé Ọ̀fà ní ọjọ́ kejì, kí agogo méjìlá ọ̀sán tó lù.

Àwa ṣe ìwádìí láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́bàá pápá ọkọ̀ òfurufú. Ó ní bàálù àkọ́kọ́ tí ó lọ sí Èkó ní ọjọ́ náà gbéra lẹ́yìn agogo mẹ́ta ọ̀sán. Bí arákùnrin wa bá dúró dè é, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ì bá balẹ̀ ní Ìkẹjà. Ta ni yóò wọ ọkọ̀ alẹ́ láti Èkó lọ sí Ọ̀fà ní irú ayé tí a wà yìí? Yóò sùn sí Èkó. Yóò dìde ní agogo mẹ́fà àárọ̀, yóò sì dé Ọ̀fà ní nǹkan bí agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ẹ ṣé ẹ gbọ́? Wákàtí kan náà tí bọ́ọ̀sì gbé e dé!

Nítorí náà, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe owó ni arákùnrin wa fẹ́ràn ju ìyá rẹ̀ lọ. Kò sí ọ̀nà kankan, lókè tàbí nílẹ̀, tí ì bá gbé e dé ibi ìsìnkú náà.

A rò ó síwájú, a sì bi ara wa pé kí ni ó mú kí ẹnu wa yá bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ìyára ayé òde òní ni ó fà á. Ní ìgbà àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó síhìn-ín, kò sí ẹni tí ó ń retí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà irin tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bbà ní 1909. Ọ̀nà irin tí wọ́n ṣe láti Baro wá sí Kánò pàdé rẹ̀ ní Mínnà ní 1911. Afárá odò Ọya ní Jẹ́bbà kò parí títí di 1916. Kí ó tó parí, pọ́ńtù ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ sọdá. Nínú àwọn tí ọ̀nà irin yẹn gbé wá ni àwọn tí ó tẹ Sábọ̀n Gàrí dó wà. Àwọn àgbà wa máa ń sọ fún wa bí wọ́n ti ń sùn nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń ra iṣu sísun àti ẹ̀kọ ní ìdúró kọ̀ọ̀kan, tí ojúmọ́ kan a mọ́, tí òmíràn a tún mọ́, kí wọ́n tó dé.

Ọkọ̀ náà lọ́ra, ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tí bàálù kò ní: ó ń dúró ní Ọ̀fà. Ó ń dúró ní Òṣogbo, ó ń dúró ní Ìlọrin. Ẹnu ọ̀nà ilé ni ó ń já ènìyàn sí. Bí ìyá bá kú nígbà náà, wáyà ni wọn yóò tẹ̀ sí ọmọ ní Kánò. Kí wáyà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ti sin òkú. Ọmọ yóò lọ fún ìjọ́ kẹjọ tàbí ogójì ọjọ́, yóò ṣe ohun tí ó yẹ, yóò sì padà. Kò sí ẹni tí yóò wò ó lójú kí ó ní kí ni ó dé tí kò bá wọn gbé òkú sin. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ òfurufú dé. Kánò wa yìí ni ó ṣíwájú: àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé bàálù láti ilẹ̀ Íjíbítì wá balẹ̀ síhìn-ín ní oṣù Kọkànlá 1925. Ní 1936 ni bàálù èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti òkè òkun déédéé. Ilé iṣẹ́ WAAC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946, ni ó sọ ọ́ di ohun tí ará ilé wa lè wọ̀. Òun ni ó di ti Nàìjíríà ní 1958, tí ó jẹ́ Nigeria Airways láti 1971, tí ó sì kógbá sílé ní 2003. Bàálù Dakota tí wọ́n ń lò nígbà òmìnira ń rìn tó kìlómítà 280 ní wákàtí kan, èyí tí yóò fi lò tó wákàtí mẹ́ta lórí ìrìn 834 wa yìí bí kò bá yà síbì kankan. Ti òde òní ti gé e sí ìdajì. Ṣùgbọ́n kò gé títì Èkó sí Ọ̀fà kù, kò sì gba eruku ọyẹ́ kúrò lójú ọ̀run. Ohun tí ó gé kù ni sùúrù wa. Nítorí pé a mọ̀ pé ohun kan wà tí ń jẹ́ wákàtí kan àbọ̀, ẹni tí kò bá dé, a ti dá a lẹ́jọ́.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a ń sọ̀rọ̀ bàálù láìdáa. Ẹni tí ó ń lọ sí Èkó fúnra rẹ̀, tàbí Abẹ́òkúta, tàbí Ìjẹ̀bú, kò sí ohun tí ó dára tó o, bí owó bá wà. Ó gbà wá lọ́wọ́ ewu ọ̀nà, ó sì gbà wá lọ́wọ́ àárẹ̀ ọjọ́ méjì. Ohun tí à ń wí ni pé kí a mọ bí a ti ń ṣírò ìrìn.

Àwọn ìmọ̀ràn wa nìyí. Èkíní, bí ẹ bá ń ṣírò, ẹ kà á láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ilé, ẹ má kà á láti pápá dé pápá. Èkejì, láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì, ẹ má ṣe fi ìgbéyàwó tàbí ìsọmọlórúkọ sí ọjọ́ tí ẹ ó wọ bàálù gan-an. Ẹ ti lọ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹkẹta, ẹ̀yin tí ilé yín kò sí ní Èkó, ẹ béèrè bóyá bàálù kan wà tí yóò gbé yín gba Abuja lọ sí Ìlọrin tàbí ibi tí ó súnmọ́ yín, kí ẹ tó gba Èkó yí ká. Láti Kánò dé Abuja lójú òfurufú kò ju nǹkan bí kìlómítà 365 lọ.

Ẹkẹrin, bí ẹ bá ń bá ará ilé sọ̀rọ̀ àkókò, ẹ rántí pé agogo wa dọ́gba ṣùgbọ́n oòrùn wa kò dọ́gba. Kánò wà ní ìlà-oòrùn ju Ọ̀fà lọ, oòrùn ọ̀sán sì ń dé àárín orí wa ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú tiwọn, ó sì ń ṣáájú ti Èkó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní “lẹ́yìn ìrun Àyílà”, ẹ bi wọ́n pé agogo mélòó.

Ẹkarùn-ún ni ó wúwo jù. Kí olúkúlùkù wa tí òbí rẹ̀ ṣì wà láàyè yan ẹnìkan nílé, àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n, tí yóò dúró ní ipò rẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kí òbí mọ ẹni náà, kí ẹbí sì mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí fóònù bá dún, ọmọ tí ó wà ní Kánò yóò lè sọ pé, “Ẹ máa ṣe é lọ, lágbájá wà níbẹ̀ fún mi, mo ń bọ̀.” Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Bí àwọn baba wa ti ń ṣe é nìyẹn nígbà wáyà, wọ́n sì jẹ́ ọmọ rere.

A tún ní àbá kan tí a ó gbé ka iwájú ìpàdé tí ń bọ̀. Arákùnrin wa sọ fún wa pé kí òun tó rí owó ọkọ̀ yá ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, òun kan ilẹ̀kùn ẹni mẹ́ta. Owó tí ẹgbẹ́ fún un dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. A dúpẹ́ pé ó dé, ṣùgbọ́n owó ìrìn kì í ṣe owó ìkíni. A dábàá pé kí owó díẹ̀ máa wà lọ́wọ́ akápò nígbà gbogbo tí a kò ní fi ṣe ohun mìíràn, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ lè gbà á ní wákàtí tí ó bá kan ilẹ̀kùn, ì báà jẹ́ ìdájí, kí a sì ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́yìn. Kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ ràn wá lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àwọn ni wọ́n mọ bí a ti ń pa owó àjọ mọ́ jù.

Nípa ti ìpàdé tí ó kọjá, àgbà tí ó sọ̀rọ̀ náà ti ka ìṣirò wa. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì ní, “Èmi náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin ìyá tèmi.” Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a kọ gbólóhùn yìí sínú ìwé. Ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù arákùnrin wa, wọ́n sì jọ jẹun. Àwa tí a mi orí tí a kò sì sọ̀rọ̀, a ń lo ojú ewé yìí láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Arákùnrin wa, má bínú. A mọ̀ báyìí pé o sa gbogbo ipá rẹ. Kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá sí afẹ́fẹ́ rere, kí ó sì dá ẹ̀yìn wọn sí.

Ọjọ́ ìpàdé kò yí padà: ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àga arákùnrin wa wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí òbí yín sì wà láàyè, bí ẹ bá ti ka ìwé yìí tán, ẹ pè wọ́n lórí fóònù lálẹ́ òní. Ìyẹn kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ó dìgbà kan ná.